Ọwọ́ Àgbà Lẹ́nu Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tó bá di ọ̀rọ̀ iná, apá kìn-ín-ní òwe yìí nìkan là ń rántí ní ìlú wa, Ìjàyè. Wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ ra dísẹ́lì, gbogbo wa ń wojú àgbà.

Àgbà náà ńkọ́? Láàárín ọjọ́ 14 sí 19 oṣù kẹwàá 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta ni gíríìdì ìjọba, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná káàkiri Nàìjíríà, dàwó. Iná tí à ń pèsè àti èyí tí à ń lò gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí nígbà gbogbo. 50 hertz ni òṣùwọ̀n ìgbì iná bó bá ṣe rẹ́gí. Bí ilé-iṣẹ́ apèsè-iná ńlá kan bá já kúrò lójijì, òṣùwọ̀n á wálẹ̀, àwọn yòókù á sì máa kú tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ onígáàsì kì í tètè gbéra dí àlàfo náà. Bátìrì ń ṣe é kí ojú tó ṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àgbà ti há sẹ́nu kèrègbè.

Lọ́dún 1997 ni àwọn olùwádìí méjì, Willett Kempton àti Steven Letendre, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ọkọ̀ oníbátìrì tó wà lórí ìdúró lè dá iná padà sórí wáyà. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ń wà jù lóòjọ́. Ní Frederiksberg, ní Denmark, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2016 pẹ̀lú ọkọ̀ Nissan oníbátìrì mẹ́wàá: iṣẹ́ ni àwọn ọkọ̀ náà ń bá lọ lọ́sàn-án nígbà náà, lóru wọ́n ń so wọ́n mọ́ wáyà láti gbé gíríìdì ró, owó sì wọlé.

Ta ló ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìjàyè? Alùpùpù oníbátìrì ni mo rò pé yóò ṣáájú dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Kútọnu àti Lomé, ẹni tó ń gun alùpùpù ilé-iṣẹ́ Spiro á já bátìrì tó ti rẹ̀ sílẹ̀, á gbé èyí tó kún. Àwọn bátìrì tó ń ṣáàjì lórí àgbékà níbi pàṣípààrọ̀ náà lè gbé gíríìdì ró bákan náà.

Àmọ́ bátìrì ń gbó, kíkún àti gbígbẹ ló ń mú un gbó, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n sanwó fún ẹni tó ni ín. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé iye owó yúnìtì iná kan dé ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tí iná wọn pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fa yúnìtì lára bátìrì mi lóru, èló ni wọn yóò san? Òfin iná 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣètò ọjà iná tirẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Ìbàdàn ló yẹ ká ti béèrè, kì í ṣe Àbújá. Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n sì gbé mítà tó ń ka àlọ àti àbọ̀ iná wá.