Kẹ̀kẹ́ Ìwọ̀ Tí Baálé Fi Sílẹ̀



Arábìnrin wa kan tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù kọ̀wé sí wa pé ọkọ òun tí ó ṣaláìsí fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan sílẹ̀, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń dè mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ láti máa fi ká okùn. Idẹ ni ojú rẹ̀, ó ti dúdú, kò sì yí dáadáa mọ́. Wọ́n kọ Hardy àti Perfect sí i lára. Oníṣòwò kan ní òun yóò rà á ní pọ́n-ùn 10. Àbúrò ọkọ rẹ̀ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi sán-pépà àti Brasso họ ọ́ kí ó dán, kí wọ́n tó tà á. Ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan, tí wọn kò tíì dàgbà, ni olóògbé fi sílẹ̀.

Arábìnrin mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di àbúrò ọkọ yín lọ́wọ́ mú ná.

Ní ọdún 1872 ni William Hardy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìbọn ní ìlú Alnwick, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, arákùnrin rẹ̀ John James sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Láti ìdí ìbọn ni wọ́n ti bọ́ sí ìdí ohun èlò ìpẹja. Nígbà tí ó di 1891, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Perfect, èyíinì ni Aláìlábùkù. (Àwa Mùsùlùmí mọ Ẹni tí orúkọ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.) Àwọn irin róbótó wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sí inú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹja bá sì ti fa okùn, irin kékeré kan nínú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí mọ ohùn wọn bí ìyá ti í mọ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Ní ti dúdú ojú rẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n pa idẹ náà láwọ̀, kí ó má baà máa kọ mànà nínú oòrùn kí ẹja sì sá. Àwọ̀ yìí ni àwọn tí ń kó ohun àtijọ́ jọ ń wá. Bí ẹ bá ti fi sán-pépà họ ọ́ kúrò, owó ni ẹ ń họ dànù yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tún máa yí, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kí irin wẹ́wẹ́ má baà sọnù, kí ẹ sì máa fi fóònù ya àwòrán bí ẹ ti ń tú u, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ṣáájú. Súkúdíráfà tí ó bá ojú síkúrù mu ni kí ẹ lò. Síkúrù tí ó bá lẹ̀, ẹ kán epo sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi òòlù sí i. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì díẹ̀ yóò fọ gírísì tí ó ti gan kúrò, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí iná àti sí ọwọ́ ọmọdé, kí ó má sì kan ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ tí ó funfun bí eyín erin. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ̀kán kan nínú epo ẹ̀rọ ìránṣọ yín tó o.

Bí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ aago ni iṣẹ́ yìí jọ. Ní Svängsta, ní ilẹ̀ Swídìn, ilé iṣẹ́ aago ni Carl August Borgström dá sílẹ̀ ní 1921, tí wọ́n ń pè ní ABU. Wọ́n ṣe aago, wọ́n ṣe mítà tí ń ka owó takisí, kí ọmọ rẹ̀ Göte tó yí iṣẹ́ náà sí kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ta ni í gbé aago ọwọ́ rẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ?

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ogún. Lẹ́yìn owó ìsìnkú, gbèsè àti àsọsílẹ̀ olóògbé, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó nígbà tí ọmọ bá wà. Bí òbí olóògbé bá wà láàyè, tiwọn wà níbẹ̀. Ìyókù di ti àwọn ọmọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọkùnrin ti wà, àbúrò olóògbé kò ní ìpín níbẹ̀. Nítorí náà, ohun ìní ọmọ òrukàn ni ẹ fẹ́ tà ní pọ́n-ùn 10 yẹn, ẹ sì mọ bí Al-Kùránì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ tó.

N kò sọ pé olè ni oníṣòwò náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà, bí ó ti wà, lọ fún àwọn gbàǹjo tí ó mọ ohun èlò ìpẹja àtijọ́, ibi méjì ó kéré tán, kí wọ́n díye lé e. Ẹ tún wo ilé dáadáa bóyá àpótí awọ rẹ̀ wà níbì kan, nítorí ìyẹn náà ń fi kún iye rẹ̀. Bí ó bá wu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ láti pa á mọ́, kí a ka iye rẹ̀ mọ́ ìpín tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé títà ni, tí síkúrù kan ti sọnù tí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tí ó ń rà á, kí ẹ sì fi ibi tí ó wà hàn án.