Omi Tútù Ni Àlejò Ń Kọ́kọ́ Bèèrè: Ohun Tí Àwọn Tó Lọ Sí Woodstock Ń Ròyìn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òde ṣe rí, kó má ṣe bi onílé léèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ti òde bọ̀ ni kó lọ. Onílé yóò ní gbogbo rẹ̀ lọ létòlétò, yóò ní èèyàn pọ̀ bí eṣú, olórin sì kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́. Àmọ́ èrò tó gbé bàtà lọ́wọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn bọ̀ ní ìdájí, ohun mìíràn ni yóò kọ́kọ́ tẹnu bọ̀. Yóò sọ bóyá òun rí omi mu tàbí òun kò rí. Yóò sọ bóyá wọ́n fi ọ̀yàyà gba òun, àbí ńṣe ni wọ́n ń ti òun síwá sẹ́yìn bí ẹran ọjà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wá dé orí ọ̀rọ̀ olórin.

Bó ṣe rí nílé náà ló rí lókè òkun. Ibi tó sì ti hàn jù lọ ni òde orin rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Woodstock, èyí tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní 1969, tí wọ́n sì tún fi orúkọ kan náà ṣe ní 1999. Orúkọ kan ni, ìpínlẹ̀ kan ni, ìgbà ooru ni wọ́n sì ṣe méjèèjì. Àmọ́ ìròyìn tí àwọn èrò mú bọ̀ láti ibẹ̀ kò jọra rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì tíì dákẹ́ títí di òní.

Ti 1969 ló ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan, Michael Lang, Artie Kornfeld, Joel Rosenman àti John Roberts, ló da owó àti ọgbọ́n pọ̀ pé àwọn fẹ́ kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin jọ sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìlú Wallkill ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sí, ṣùgbọ́n nígbà tó ku bí oṣù kan péré, àwọn aláṣẹ ìlú náà fárí gá, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ lágbègbè àwọn. Àgbẹ̀ kan tó ń sin màálù, tó ń ta wàrà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Max Yasgur, ló gbà wọ́n sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Bethel. Inú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kan, wọ́n gbé pátákó síta pé kí ẹnikẹ́ni má ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Yasgur kò yẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olórin, kì í ṣe ọ̀dọ́, òun àti àwọn ọmọ onírun gígùn wọ̀nyẹn kò sì jọ rí ayé bákan náà. Síbẹ̀, ó ní wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti pé jọ.

Dọ́là 18 ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ẹni tó bá tètè rà á. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fi palẹ̀ mọ́ ti kéré jù. Wọn kò tíì rí ọgbà yí oko náà ká tán nígbà tí èrò ti ya débẹ̀ bí omi. Nígbà tí àwọn olùṣètò rí i pé kò sí bí àwọn ṣe lè dá wọn dúró, wọ́n kéde pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó péjọ sínú oko náà láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún náà lé ní 400,000.

Bí àwọn tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń mú ṣáájú. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn pa mọ́tò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀pọ̀ máìlì dé oko. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi ń gbé àwọn olórin wọlé. Richie Havens kọ́ ló yẹ kó ṣí agbo, àmọ́ òun ló wà nílẹ̀, ni wọ́n bá tì í síwájú. Ó kọrin títí, àwọn tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò tíì dé. Gbogbo orin tó mọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ló bá kúkú ṣẹ̀dá òmíràn lójú ẹsẹ̀. Òjò ńlá tún wá rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, oko màálù di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, oorun inú ẹrẹ̀ sì di ti tọmọdé tàgbà.

Ebi ńkọ́? Àwọn àgbà ló sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ tí wọ́n kó wá láti tà kò tó nǹkan kan. Ibi tí òde náà ì bá ti dàrú gan-an nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti dára. Àwọn ará ìlú tó wà ní àyíká, tó fi mọ́ àwọn tí ariwo náà ti sú, bẹ̀rẹ̀ sí í kó oúnjẹ jáde nínú ilé wọn. Àwọn obìnrin Júù ìlú Monticello jókòó ti búrẹ́dì, wọ́n ń fi ẹran sáàrin rẹ̀, wọ́n ń dì í fún àwọn ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí. Hẹlikọ́pítà tó ń gbé olórin tún ń gbé oúnjẹ. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hog Farm gbé ìkòkò kaná, wọ́n ń bu ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ fún ẹni tó bá tò sórí ìlà, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Wavy Gravy, bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń bá èrò sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Orin náà dùn, kò sí àní-àní. Ọmọ Yorùbá pàápàá ní ìpín nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí lórí pèpéle. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ Santana, tí ọ̀pọ̀ èrò kò mọ̀ rí nítorí àwo wọn àkọ́kọ́ kò tíì jáde, bọ́ síta. Lára ohun tí wọ́n lù ni orin tí wọ́n ń pè ní “Jingo”. Ta ló ni orin náà? Babatunde Olatunji ni, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, tó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950, tó sì gbé e jáde nínú àwo rẹ̀ “Drums of Passion” ní 1960. Ìlù ọmọ Àjídò ló ń ro kẹ̀kẹ̀ ní oko Yasgur, tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń fò sókè nínú oòrùn láìmọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Jimi Hendrix ló kádìí rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó fi gìtá ta orin orílẹ̀-èdè wọn, ó ń mú un ké bí ìbọn àti bọ́ǹbù, lásìkò tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà lọ jagun ní Vietnam. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́ ọ lójúkojú, nítorí ọ̀pọ̀ ti gba ọ̀nà ilé lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn náà ṣe adùn lásán. Èèyàn kú níbẹ̀. Oògùn olóró pa ọ̀kan, katakata sì gun ọ̀dọ́ kan mọ́lẹ̀ níbi tó sùn sí. Inú bí àwọn èrò sí àwọn tó ń ta oúnjẹ ní ọ̀wọ́n gógó, wọ́n sì dáná sun lára àtíbàbà wọn. Ní ti àwọn tó gbé e kalẹ̀, gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ló kù sí wọn lọ́rùn, fíìmù àti àwo orin tí wọ́n ṣe jáde lẹ́yìn náà ni wọ́n fi san án díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí sórí ilẹ̀ náà ní Bethel ní 2008, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ẹni tí òjò pa, tí ebi pa, tí kò tilẹ̀ rí ojú olórin, ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Ó ń rántí àjèjì tó pín búrẹ́dì fún un.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù keje 1999, wọ́n tún pe èrò jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe oko mọ́. Ibùdó àwọn ọmọ ogun òfúrufú tí wọ́n ti pa tì ní ìlú Rome, ní ìpínlẹ̀ New York kan náà, ni wọ́n lò. Ọ̀dà àti kọnkéré ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ níbẹ̀, igi tí èèyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ooru mú débi pé ó sún mọ́ ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Pèpéle ńlá méjì tí wọ́n tẹ́ fún olórin jìnnà síra wọn ju máìlì kan lọ. Wọ́n ti kọ́gbọ́n lára ti 1969: wọ́n fi pákó ṣe ọgbà gíga yí ibẹ̀ ká, wọ́n ya àwòrán àlàáfíà sí i lára, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì di dọ́là 150. Èrò tó lé ní 200,000 ló wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá bá àwọn tó lọ síbẹ̀ jókòó, ọ̀rọ̀ omi ni yóò gbọ́. Wọ́n ní lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti gba omi àti oúnjẹ tí àwọn gbé wá láti ilé. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ìgò omi kan di dọ́là mẹ́rin. Omi ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ kò kárí, ìlà ibẹ̀ sì gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Àwọn kan bínú fọ́ páìpù, omi tú jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti kún àkúnya láti ọjọ́ kìíní, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tí àwọn ọmọ náà ń yí nínú rẹ̀. Ìdọ̀tí ga bí òkìtì, kò sí ẹni tó ń kó o.

Láìpẹ́, ohun tó wà nínú bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lóde. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹgbẹ́ Limp Bizkit ń ṣeré, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya pákó. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Red Hot Chili Peppers wà lórí pèpéle, ẹgbẹ́ kan tó ń tako ìwà ìbọn yíyìn pín àbẹ́là fún èrò kí wọ́n fi ṣe ìrántí. Àbẹ́là yìí ni wọ́n fi dáná. Ọgbà pákó tí wọ́n ya àlàáfíà sí lára ni wọ́n ń fà lulẹ̀ tí wọ́n ń jù sínú iná. Àwọn olórin náà tún wá kọ orin Hendrix kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Iná. Kó tó di òru, ọkọ̀ ń jó, wọ́n ń jalè nínú àtíbàbà àwọn olùtajà, wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba owó, àfìgbà tí àwọn ọlọ́pàá tò wọlé lé wọn jáde.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn olórin ló kó bá wọn. Àwọn kan ní ọmọ ayé ìsinsìnyí ló bàjẹ́, pé ti 1969 jẹ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù ìtàn òde náà tó jáde ní 2021 àti 2022, àwọn tó wà níbẹ̀ fẹnu ara wọn sọ ọ́. Gbogbo wọn kò sọ ohun kan náà. Àwọn kan ń mi orí, ojú ń tì wọ́n fún ohun tí wọ́n ṣe tàbí tí wọ́n rí. Àwọn mìíràn sì ní, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, adùn rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti pàdé ni omi, ooru àti ìdọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ bọ́ sínú àríyànjiyàn yìí. Àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Rome, àti àwọn tí wọ́n ń fọwọ́ pa lára láàrin èrò lójú kámẹ́rà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè omi. Òùngbẹ kì í sọ ọkùnrin di ẹranko. Ẹni tó hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan, tó tì í sínú ọgbà, tí kò sì pèsè ẹ̀ṣọ́ tó kájú òṣùwọ̀n, òun náà ní ẹjọ́ láti jẹ́.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ọmọ 1969 jẹ́ áńgẹ́lì, nígbà tí àwọn ọmọ 1999 jẹ́ èṣù. Àwọn ti 1969 náà dáná sun àtíbàbà nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n fẹ́ fi ebi àwọn pawó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé, ní Bethel, nígbà tí ètò wó lulẹ̀, àwọn èèyàn dìde láti tọ́jú àlejò, owó ìbáà wọlé tàbí kó má wọlé. Ní Rome, èrè ni wọ́n kọ́kọ́ rò, àlejò ló gbẹ̀yìn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà ṣe àádọ́ta ọdún ní 2019, kò bọ́ sí i, wọ́n fagi lé e.

Yasgur kú ní 1973, Olatunji kú ní 2003, Lang náà sì kú ní 2022. Orin tí wọ́n kọ ní ibi méjèèjì wà nínú àwo, ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ. Ohun tí kò sí nínú àwo ni búrẹ́dì tí ìyá kan tó ń gbé ní Monticello dì fún ọmọ ọlọ́mọ, àti ìgò omi dọ́là mẹ́rin tí ọmọ mìíràn wò títí tí kò lè rà. Ẹnu àwọn èrò nìkan ni ìyẹn wà, wọn kò sì ní í yé ròyìn rẹ̀.