Oúnjẹ Tí A Kò Jẹ Nígbà Lẹ́ńtì, Ta Ló Jẹ ẹ́?

Bí Ọjọ́rú Eérú bá ti kọjá, ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu àwa Kristẹni nínú ọgbà yunifásítì ni pé, "Aago mélòó lo máa ṣínu?" Ẹnì kan á ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹlòmíràn á ní mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé à ń fi ebi díje. Lójú tèmi, ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé: oúnjẹ tí a kò jẹ, ta ló jẹ ẹ́?

Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé orúkọ ní ìtàn. "Lẹ́ńtì" tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àkókò ìrúwé ni nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìgbà tí ojúmọmọ ń gùn sí i nílẹ̀ wọn. "Quadragesima", orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, kò ju iye ọjọ́ lọ: ogójì. Kò sí ebi nínú orúkọ méjèèjì.

Ẹ tún wo Mátíù orí 6, tí ìjọ Kátólíìkì máa ń kà lọ́jọ́ Ọjọ́rú Eérú. Ìtọrẹ àánú ni Jésù kọ́kọ́ mẹ́nu bà, àdúrà tẹ̀ lé e, ààwẹ̀ ló ṣe ìkẹta. Àwa wá di ìkẹta mú, a gbàgbé àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé 0-0-1 ni wọ́n ti ń jẹ kí Lẹ́ńtì tó dé. Bí ebi bá sì wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ìwàásù, ì báà jẹ́ lẹ́kíṣọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Lẹ́ńtì ń wá kí ebi tún pa. Àwa tí a ní oúnjẹ tí a lè fi sílẹ̀ ló ń bá wí.

Ẹnì kan lè ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, kí ni mo ní tí mo fẹ́ fi tọrẹ?" Owó oúnjẹ àárọ̀ tí o kò jẹ yẹn náà ni. Bí a bá fi ra dátà, a ò yááfì nǹkan kan, a kàn yí ìnáwó padà ni.

Lọ́dún 2026, ọ̀sẹ̀ kan náà ni Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń bu oúnjẹ ìṣínu fún ara wọn àti fún aládùúgbò. Kò sí ohun tó ní kí àwa náà má ṣe bẹ́ẹ̀. Fi agolo ìrẹsì kan kún ti inú ìkòkò, kí o sì pe ẹni tó wà ní yàrá kejì. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Bí Àjíǹde bá dé, tí kò sí ẹni tó yó nítorí ààwẹ̀ wa, a jẹ́ pé ebi lásán ló pa wá fún ogójì ọjọ́.