Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ewé Òkun Lórúkọ

Láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, kò sí agboolé kan ní Ìbàdàn àtijọ́ tí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ láìwo ẹ̀yìn wò. Àyàn ni orúkọ ọmọ onílù yóò fi bẹ̀rẹ̀, Ọ̀jẹ̀ ni ti ọmọ eléégún, Ọdẹ ni ti ọmọ ọdẹ, Ifá ni ti ọmọ babaláwo. Ẹ pe Àyánwálé lójú pópó, ẹni tí kò rí i rí ti mọ̀ pé ìlù ń bẹ nílé wọn. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe náà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìkómọjáde nìkan ni. Èmi gbà pé ìkìlọ̀ ni fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun kan dájú. Ọmọ lè pọ́n nínú ilé tí gbogbo wọ́n ti dúdú, ó sì lè jọ ará àdúgbò ju bó ṣe jọ bàbá rẹ̀ lọ. Ilé tó ti jáde náà ló ṣì ni ín.

Inú òkun ni mo ti rí i tí òwe yìí ṣiṣẹ́ jù lọ, bí Ìbàdàn kò tilẹ̀ ní etíkun. Àwọn ewé kan ń bẹ nínú omi iyọ̀ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní ewé òkun pupa. Irú wọn tí a ti mọ̀ lé ní 7,000. Òmíràn rí bí irun, òmíràn rí bí aṣọ tó fàya, òmíràn sì le bí òkúta, tó jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kò ní í mọ̀ pé ohun abẹ̀mí ni. Aró pupa inú wọn ló ń bá wọn gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ omi, ìyẹn ni wọ́n fi ń gbé níbi tí ewé mìíràn kò lè gbé. Ní 1985, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọ́n rí irú rẹ̀ kan ní Bahamas ní ibú tó jìn tó mítà 268.

Àwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá wọn mọ̀. Ní 1836, William Henry Harvey, ọmọ ilẹ̀ Ireland, pín ewé òkun sí pupa, aláwọ̀ ilẹ̀ àti aláwọ̀ ewé. Ìpín náà kò burú, a ṣì ń lò ó dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ inú ọ̀wọ́ pupa fúnra rẹ̀ yóò rí i pé àwọ̀ ń tanni. Bí oòrùn bá pa òmíràn nínú wọn, á di ràkọ̀ràkọ̀. Batrachospermum, tó ń gbé inú odò aláìníyọ̀, lè dúdú tàbí kó tutù bí ewé, síbẹ̀ ọmọ ilé pupa ni. Friedrich Schmitz ní Jámánì ló yí ojú kúrò lára àwọ̀. Ní 1883, ó tẹ̀jáde ohun tó rí nípa bí abo ewé wọ̀nyí ṣe ń gba àtọ̀ tó sì ń gbé èso dàgbà, ìbímọ yìí ni wọ́n sì fi ń to agboolé wọn láti ìgbà náà. Harald Kylin, ará Lund ní Sweden, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ó kú ní 1949 láìparí ìwé ńlá rẹ̀. Elsa, ìyàwó rẹ̀, ló bá a parí rẹ̀ tó fi jáde ní 1956.

Ìtàn tó wọ̀ mí lára jù ni ti Kathleen Drew-Baker. Kí wọ́n tó bí i, ní 1892, Edward Batters rí ohun kan bí òwú tín-ín-rín, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó ń gbé inú ìkarahun. Ó sọ ọ́ ní Conchocelis rosea, ó sì fún un ní ilé tirẹ̀. Lọ́tọ̀ sí ìyẹn, ewé pẹlẹbẹ kan wà tó ń jẹ́ Porphyra. Òun ni àwọn ará Japan ń sá gbẹ tí wọ́n fi ń wé ìrẹsì, tí wọ́n ń pè ní nori. Ní ìgbà òtútù, á bo ọ̀pá àti àwọ̀n tí àgbẹ̀ ta sínú òkun. Bí ooru bá dé, á pòórá. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó lè gbìn ín. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìkórè bàjẹ́, ojú sì pọ́n àwọn àgbẹ̀ náà.

Ọmọ England ni Drew, wọ́n bí i ní 1901. Olùkọ́ ni ní Yunifásítì Manchester, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ́kọ ní 1928, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọn kì í gba obìnrin tó lọ́kọ síṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ìwà ìrẹ́jẹ gidi ni. Kò sì fi ìwádìí sílẹ̀. Ó da irúgbìn Porphyra sínú omi pẹ̀lú ìkarahun, ó ń ṣọ́ wọn. Irúgbìn náà wọ inú ìkarahun, ó ta bí òwú, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Conchocelis tí gbogbo ayé ti fún ní ilé ọ̀tọ̀, Porphyra náà ni! Ó tẹ èyí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 1949. Sokichi Segawa ní Yunifásítì Kyushu gbọ́, kò sì pẹ́ tí àwọn ará Japan fi ń sin òwú náà nínú ìkarahun, tí wọ́n ń gbin nori bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin àgbàdo. Drew kú ní 1957 láìdé Japan rí. Ní 1963, wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní ìlú Uto, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní 14 oṣù kẹrin lọ́dọọdún. Ìyá Òkun ni wọ́n ń pè é.

Wọn kò tí ì ṣíwọ́ wíwo ilé. Ní 2011, àyẹ̀wò DNA mú kí wọ́n kó nori kúrò lábẹ́ Porphyra lọ sábẹ́ Pyropia, ní 2020 wọ́n tún gbé e sí Neopyropia. Inú ń bí àwọn kan sí ìyípadà orúkọ léraléra yìí. Èmi rí i bí òótọ́ inú: ẹni tó bá rí i pé ilé tí òun tọ́ka sí kọ́ ni ọmọ ti wá, ẹ jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló kan ará Ìbàdàn nínú èyí? Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń kọ́ṣẹ́ kí ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, UCH, tó ṣí ní 1957. Bí wọ́n bá gba ìtọ̀ tàbí ọyún lára aláìsàn lọ sí ilé àyẹ̀wò, orí agar, ohun dídì kan, ni wọ́n ń dà á sí, kí kòkòrò àìsàn lè hù kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Láti ara ewé òkun pupa ni agar ti ń wá. Fanny Hesse, tó ń fi ṣe oúnjẹ dídì, ló dábàá rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní 1881, nígbà tí ọkọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch, onímọ̀ kòkòrò àìsàn. Gelidium àti Gracilaria ló ń mú agar wá. Hypnea, tó wà létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, lè jọ Gracilaria lójú ẹni tí kò kọ́ ọ, ṣùgbọ́n carrageenan ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń mú wàrà ki. Ẹni tó bá fi ìrísí kó Hypnea ní Gracilaria kò ní í rí agar rò nínú ìkòkò.

Etíkun tiwa, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, àpáta ṣọ̀wọ́n. Ewé òkun sì ń fẹ́ ohun tó le láti dì mọ́. Ó ń rí i lára gbòǹgbò igi inú ẹrẹ̀ iyọ̀, àti lára òkúta tí ìjọba òyìnbó kó láti Aro l'Ábẹ́òkúta wá ṣe odi sí ẹnu ọ̀sà Èkó. M. Fox tẹ àkójọ àkọ́kọ́ ewé òkun Nàìjíríà jáde ní 1957. George Lawson àti David John wá kó ti gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sínú ìwé kan ní 1982. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kéré jù fún etíkun tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Láti 2011 ni ìdí tí a fi nílò ọwọ́ púpọ̀ sí i ti fojú hàn. Ewé òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ya bo etíkun láti Sierra Leone dé Nàìjíríà, ó ń dí àwọ̀n apẹja, ó ń jẹrà, ó ń rùn. O. O. Oyesiku àti A. Egunyomi, onímọ̀ ewéko, yẹ èyí tí wọ́n rí lójú òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó wò. Ní 2014 wọ́n dárúkọ rẹ̀: Sargassum natans àti Sargassum fluitans. Ìbátan wọn pọ̀ tó ń dì mọ́ àpáta, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí kì í ní ìdí. Orí omi ni wọ́n ti ń hù, orí omi ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Èyí ló jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí èbúté kan ní Ìlàjẹ, létíkun Oǹdó, tí a lè lọ fà wọ́n tu. Ní 2019, àwọn tó ń fi sátẹ́láìtì ṣọ́ òkun fi hàn pé ní 2018 ọ̀já ewé náà gùn tó kìlómítà 8,850, láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé ọ̀sà Mexico.