Ọ̀kẹ́ Kan Kò Ṣeé Pín sí Mẹ́ta

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ ilé kéú kò nílò ìṣirò, pé ti ilé ìwé gẹ̀ẹ́sì ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì fi ọ̀kẹ́ kan ṣàlàyé.

Nígbà tí àwọn baba wa ń ná owó ẹyọ, 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 ni ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń kún àpò, òun ni ọ̀kẹ́ kan: 20,000. Títí dòní, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni à ń pe mílíọ́nù kan.

Iye yìí rọrùn láti pín lọ́jà. Bí a bá tú u dé ìdí, 2 márùn-ún àti 5 mẹ́rin ni a fi ń sọ ara wọn di púpọ̀ kí ó tó di ọ̀kẹ́. Nítorí náà, iye 30 ló lè pín in láìṣẹ́kù, láti orí 1 dé orí 20,000 fúnra rẹ̀. Ènìyàn 4, 5, 8, 10 tàbí 16 lè pín in láìjà. Ṣùgbọ́n 3 kò sí nínú rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá fẹ́ pín in, 6,666 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2 yóò sì ṣẹ́ kù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ogún ti wọlé. Bí ọkùnrin kan bá kú, tó fi ìyàwó kan, ìyá rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀, Àlùkùráánì ti là á sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti san gbèsè rẹ̀, tí a sì ti mú ohun tó sọ sílẹ̀ ṣẹ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ti ìyá, ìyókù di ti ọmọ. Iye tó kéré jù tí 8 àti 6 jọ lè pín ni 24. Nítorí náà, ọ̀nà 24 ni à ń pín ogún náà sí: 3 fún ìyàwó, 4 fún ìyá, 17 fún ọmọ. Bó bá jẹ́ 24,000 náírà, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ti ìyàwó á jẹ́ 2,500 gééré, ṣùgbọ́n ti ìyá á jẹ́ 3,333 àti ìdá kan nínú mẹ́ta náírà. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá wá kan ilẹ̀ oko wa níhìn-ín ní Eggua ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn lè bá a lọ.

Àwọn aṣáájú wa kò ya kéú kúrò lára ìṣirò. Al-Khwarizmi, tó gbé ní Baghdad ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, fi apá tó gùn nínú ìwé áljẹ́brà rẹ̀ ṣàlàyé ogún pípín. Muhammad ibn Muhammad, àáfà ọmọ Katsina tó kú sí Cairo ní 1741, kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá lórí títo nọ́ńbà sínú ilé-ilé.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ fi ìṣirò kún ẹ̀kọ́ ogún, kí ẹ̀yin òbí má sì rí i bí àṣedànù. Ẹni tó ń pín ogún láìmọ ìṣirò dà bí ẹni tó ń wọn gààrí nínú òkùnkùn. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.