Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹni tó bá ti dé Koumassi ní ìlú Abidjan rí, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò tipẹ́tipẹ́, yóò mọ àwọn takisí àjọwọ̀ tí wọ́n ń pè ní wôrô-wôrô. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lò gbó lókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wọ̀lú. Èyí tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀ nílé, ‘France-au revoir’ ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Lóòótọ́, láti ọdún 2018 ni òfin kò ti gbà kí takisí tó ju ọdún márùn-ún lọ wọ orílẹ̀-èdè náà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ṣì ń ná títì.

Iṣẹ́ yìí ní ìṣirò tirẹ̀. Dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ gbé iye tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́. Àpò dẹ́rẹ́bà ni owó epo ti ń jáde, ohun tó bá sì ṣẹ́kù ni ó fi ń bọ́ aya àti ọmọ. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ẹni mu omi, tí kò sì lágbára láti fa èrò mẹ́rin, oúnjẹ ọmọ ló ń mu yẹn. Àwa tí a wà nílé náà kò bọ́ níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó lítà epo kan fò láti ohun tí kò tó N200 sí nǹkan bíi N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí wá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe? A ó sáré tọ mẹkáníìkì lọ, òun náà kò ní wo ohunkóhun kó tó ní, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹ lọ ra òmíràn.” Ẹ jọ̀wọ́, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ibi tí kò náni lówó ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ohun tí ọkọ̀ ń jẹ. Ẹ bu epo kún táǹkì, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀, ẹ wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì tún bu ú kún. Bí lítà 40 bá gbé e rin kìlómítà 400, lítà 10 ló ń jẹ ní kìlómítà 100. Ẹ máa rántí pé ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń jẹ epo láìrìn. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń wúwo láti yí. Bí ẹ bá sì ti ibì kan dé, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bíréèkì rẹ̀ ló ń di ọkọ̀ mú.

Ó wá kan asẹ́ afẹ́fẹ́ àti púlọ́ọ̀gì. Bí eruku bá dí asẹ́ náà, ọkọ̀ oníkàbúrétọ̀ á máa jẹ epo lájẹjù. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń bu epo fún á kàn di ọ̀lẹ ni. Púlọ́ọ̀gì tó dúdú bí èédú ń sọ fún yín pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni ti tẹmọ́sítáàtì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ lè máa tutù jù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì máa bu epo fún un bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á láàárọ̀.

Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ wo asẹ́ epo, sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín, àti bóyá nǹkan ti dí sàlẹ́ńsà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké, tí ọkọ̀ kò sì sáré sí i, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fura sí. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí mẹkáníìkì fi irinṣẹ́ wọn agbára inú ẹ́ńjìnnì, kó tó dárúkọ pé a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kù sí. Nítorí pé dẹ́rẹ́bà ló ń ra epo, ẹ kì í mọ̀ pé ọkọ̀ ń ṣàìsàn. Ó ń bẹ̀ yín fún owó púlọ́ọ̀gì, ẹ̀ ń sọ pé kó gbé owó ọjọ́ wá. Ṣùgbọ́n epo tó pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára irin, irin á sì máa ha irin. Ìyà tí ẹ fi sílẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà lónìí ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn yín lọ́la, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lóòótọ́. Owó púlọ́ọ̀gì tí ẹ kò fẹ́ san ni yóò di owó ẹ́ńjìnnì.