Ojú Ẹja Níbi Ìgbéyàwó

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí, àwa tí a wà ní Manchester kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè sinmi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí a ti ń bọ́ aṣọ ẹbí kan ni a ń wọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn ayàwòrán ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ awò kan tí wọ́n ń fi sẹ́nu kámẹ́rà, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fisheye, èyíinì ni ojú ẹja.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi ṣe ìgbéyàwó, ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Aṣọ òkè tí bàbá mi rà fún wọn kí ó tó di olóògbé ni wọ́n gbé wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ ni ayàwòrán wa, kò sì ṣe ìmẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò fọ́tò ẹbí, òjò ti lé wa wọlé; yàrá há, àwa sì pọ̀. Ni ó bá fi ojú ẹja sẹ́nu kámẹ́rà, ó sì kó gbogbo wa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí fọ́tò dé, ọkọ àti ìyàwó dúró gbọnrangandan láàárín, ṣùgbọ́n ìyá mi tí wọ́n jókòó sí ìkángun ìlà iwájú ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí wọn wọ́, apá kan sì gùn ju èkejì lọ. Wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n ní, "Ta ni ìyá arúgbó yìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àwọn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Kò sí idán níbẹ̀. Ẹja tí ó bá gbójú sókè lábẹ́ omi ń rí gbogbo ohun tí ó wà lókè omi bí ohun tí a ká sínú òrùka kan. Ní 1906, Robert W. Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó kún fún omi ṣe kámẹ́rà láti wo bí ayé ṣe rí lójú ẹja. Òun ni ó fún un ní orúkọ yìí. Ní àwọn ọdún 1920, Robin Hill ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ṣe awò tí ó lè ya gbogbo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan, nítorí àwọn tí ń ṣàkíyèsí ìkùukùu. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe nítorí ojú ènìyàn ni wọ́n ṣe é.

Awò lásán ń rí nǹkan bí dìgírì 46. Ojú ẹja ń rí 180, èyíinì ni gbogbo ohun tí ó wà níwájú kámẹ́rà, lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nílẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ tó lè gba inú ìwé pelebe kan, àfi kí ó tẹ̀ wọ́n. Ìlà tí ó bá gba àárín fọ́tò kọjá a dúró ṣinṣin, èyí tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ a tẹ̀ bí ọrun. Ẹ ro ohun tí èyí yóò ṣe sí ìlà aṣọ òkè tí ahunṣọ ti fi sùúrù tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwa Yorùbá sì ní ìlànà tiwa nípa fọ́tò àgbà. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1978, ṣàkíyèsí pé àgbà a máa jókòó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, aṣọ á sì tẹ́ rẹrẹ. Ẹnìkan lè wí pé àwọn agbẹ́gilére wa náà a máa gbẹ́ orí kí ó tóbi ju ara lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí ni agbẹ́gilére ń bọ̀wọ̀ fún. Awò yìí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orí àti àga.

N kò ní kí a lé ojú ẹja jáde o. Níbi tí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ayàwòrán gun àga, kí ó fi í wo ilẹ̀. Láti orí alága ìjókòó dé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó kángun, gbogbo wọn ni yóò wọlé. Bákan náà ni níbi tí wọ́n bá ti ń náwó fún ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ní Victoria Baths ní Hathersage Road, ilé ìwẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1906 kan náà, tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó nísinsìnyí. Awò lásán kò lè gbé gbogbo ẹwà ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ẹ bá ayàwòrán yín sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ kọ orúkọ àwọn àgbà fún un, ẹ ní awò lásán ni kí ó fi yà wọ́n, kí ó sì yà wọ́n ṣáájú oúnjẹ àti ijó. Bí ààyè bá há tí ojú ẹja sì di dandan, ẹ fi àgbà sí àárín, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìkángun; ara ọ̀dọ́ gbà á. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé kọ̀ǹpútà yóò tún un ṣe. Tiwa gbìyànjú rẹ̀: bí ó ti ń na ìlà tí ó tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gé ìkángun kúrò. Orí ìyá mi tọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi di ọmọ-ọmọ wọn mú kò sí níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n papòdà ní ọdún kejì. Fọ́tò tí a gbé kọ́ sára ògiri ni èyí tí àbúrò mi fi fóònù yà ní ilé ìdáná wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà. Wọn kò tíì wé gèlè, orí àga oníke ni wọ́n jókòó sí, ọwọ́ wọn méjèèjì sì wà lórí orúnkún.